Omi Mímọ́ Tó Ń Pa Ẹja

Àwa tá a ń sin ẹja àrọ̀ sínú táǹkì ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Èèyàn á ra táǹkì tuntun, á pọn omi tó mọ́ gaara kún un, á da ọmọ ẹja sí i lọ́jọ́ kan náà. Kò pẹ́, ẹja ń kú. Ó máa ń dùn mí. Amóníà tó ń jáde lára ẹja àti nínú oúnjẹ àjẹkù ló ń pa wọ́n.

Bakitéríà kan ń sọ amóníà di náítíráìtì, tó ṣì lóró. Òmíràn ló ń sọ ìyẹn di náítíréètì, tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Ara fóòmù inú asẹ́ tó ń sẹ́ omi táǹkì ni wọ́n ń gbé, ó sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọ́n tó pọ̀ tó nínú táǹkì tuntun. Lásìkò ọyẹ́, ó lè jù bẹ́ẹ̀. Ẹja díẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ tọrọ fóòmù tó ti wà nínú asẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ẹja rẹ̀ ò ṣàìsàn, kí bakitéríà ara rẹ̀ lè tètè pọ̀ nínú tiyín, bí ẹlẹ́mu ṣe ń fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sílẹ̀ nínú akèrègbè kí ẹmu lè tètè kan.

Bí asẹ́ bá dọ̀tí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ má sì fi omi ẹ̀rọ tó ní kilorínì fọ̀ ọ́, kí bakitéríà yẹn má bàa kú. Ẹ bu omi táǹkì náà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ fún fóòmù nínú rẹ̀. Bí iná bá sì lọ fún wákàtí púpọ̀, tí omi ò ṣàn gba inú asẹ́ mọ́, ẹ yọ fóòmù síbi tí atẹ́gùn wà, ẹ má jẹ́ kó gbẹ.