Èlò tí ó mọ ọgbẹ́ ara rẹ̀

Ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 1982, ọkọ̀ òfurufú kan kọlu afárá ní Washington, ó sì já sínú odò Potomac; ènìyàn 78 ni ó kú. Yìnyín orí apá rẹ̀ wà lára ohun tí ó fa jàǹbá náà. Ní ti Boeing 787, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò ní ọdún 2011, ìpele kan tí iná mànàmáná ń mú gbóná ni wọ́n lẹ̀ mọ́ inú etí iwájú apá rẹ̀.

Ṣùgbọ́n okùn kábọ̀n tí wọ́n fi ṣe apá náà ni ó wú mi lórí jù. Ó tín-ín-rín ju irun lọ. Oje líle ni a fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Irin tí a bá lù a máa tẹ̀. Bí òòlù bá já lé èyí lórí, inú rẹ̀ lè ya ní ìpele-ìpele, kí ojú rẹ̀ sì máa dán. Àwọn olùwádìí ti rí ọgbọ́n kan dá sí i: okùn náà ń gba iná kọjá, bí ó bá sì já nínú, iná kò ní kọjá bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ẹni tí ó ń wọn iná náà yóò mọ̀. Mo pè é ní ‘àdàpọ̀ amòye’ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Wọ́n kọ̀, wọ́n ní ìrora nìkan ni ó mọ̀.