Ẹ Kú Ewu Ọmọ: Ewu Kò Tán Lọ́jọ́ Ìkúnlẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ wa bá àwọn ìdílé sọ ní Sugar Land)

A mọ̀ pé àwọn kan wa ọkọ̀ láti Katy àti Pearland kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa níbí. Ìrìn àjò yín kò ní já sí asán.

Ìkíni kan ni a fẹ́ fi ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ wa lónìí. Bí obìnrin bá bímọ nílẹ̀ wa, kí a tó yin ọmọ, ìyá ni a ń kọ́kọ́ kí pé, "Ẹ kú ewu ọmọ." Àwọn baba ńlá wa mọ̀ pé ewu ni obìnrin là kọjá. Ṣùgbọ́n à ń kí ìkíni náà bí ẹni pé ewu ti tán. Kò tíì tán. Ìyẹn gan-an ni a wá sọ.

Nígbà tí a kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí nílé, lẹ́yìn tí a ti gba ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì, wọ́n fún wa ní ìwo kékeré tí a fi ń gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù nínú ikùn ìyá. Wọ́n kọ́ wa láti fi ọwọ́ wá orí ọmọ, láti ṣọ́ ìrọbí, láti gbẹ̀bí, láti dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣòro jù láti kọ́ ni sùúrù: kí a jókòó ti obìnrin ní aago mẹ́ta òru, kí a máa fi ọwọ́ ra á lẹ́yìn, kí a má sì kánjú.

Nígbà tí a dé Texas, a rí i pé ìwé agbẹ̀bí tí a gbé wá kò tó láti fi gbẹ̀bí níbí. Nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò NCLEX kí Texas Board of Nursing tó fún un níwèé àṣẹ. Bí ó bá fẹ́ di nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí, ó tún gbọ́dọ̀ lọ gba oyè máàsítà ní yunifásítì, kí ó sì ṣe ìdánwò mìíràn. Ìdí nìyí tí àwọn agbẹ̀bí kan láàárín wa fi wà ní wọ́ọ̀dù mìíràn tàbí ní ilé ìtọ́jú arúgbó. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń ro iṣẹ́ yìí, ẹ má jẹ́ kí ó bà yín lẹ́rù. Olóyè Kòfówórọlá Àbẹ̀ní Pratt lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní St Thomas' Hospital ní London ní 1946, òun náà ni ó sì padà di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ mátírọ́nù ní UCH Ìbàdàn.

Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ ohun kan fún yín. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, arábìnrin kan láàárín wa bímọ. Ní ọjọ́ kejì wọ́n ní kí ó máa lọ sílé. Ìyá rẹ̀ kò rí físà gbà. Ní ọjọ́ kẹjọ a sọ ọmọ lórúkọ. A jẹ, a mu, a jó, ìyá ọmọ sì wà lórí ìdúró, ó ń kí àlejò. Ní alẹ́ ó pè wá pé orí ń fọ́ òun. A ní kí ó lo Tylenol, kí ó sùn, pé wàhálà àlejò ni. Àwa nọ́ọ̀sì ni a sọ bẹ́ẹ̀ o! Ilẹ̀ mọ́, a gbé ọbẹ̀ lọ fún un, ó ní ojú òun ń ṣe bàìbàì. A wọn ìfúnpá rẹ̀: 172 lórí 114. Kíá ni a gbé e dé ilé ìwòsàn. Wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n sì fa omi sí i lára kí gìrì má baà mú un. Ó yè, ọmọ náà sì ti ń lọ sílé-ìwé. Ṣùgbọ́n bí a bá ní ọ̀la ni a ó gbé ọbẹ̀ lọ ńkọ́?

Ẹ̀jẹ̀ ríru tí oyún ń fà lè yọjú títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ, kódà lára ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ru nígbà oyún. CDC, àjọ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, yẹ ikú àwọn aboyún àti abiyamọ wò ní ìpínlẹ̀ 36, láti 2017 sí 2019. Nínú 100 tí ó kú, 53 ni ó kú láàárín ọjọ́ keje sí ọdún kan lẹ́yìn ìbímọ. Nínú 100, 84 ni a ìbá ti gbà là. Ní 2023, nínú ìbí 100,000, àwọn ìyá aláwọ̀ dúdú tí ó kú nínú oyún tàbí láàárín ọjọ́ 42 lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ 50. Ti aláwọ̀ funfun kò pé 15. Ìwé tí a kà kò yọ wá sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ àwọn àmì wọ̀nyí, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fìríìjì:

1. Orí fífọ́ tí kò lọ, tàbí ojú tí ó ń ṣe bàìbàì.
2. Ẹ̀jẹ̀ tí ó rin páàdì kan gbindin láàárín wákàtí kan.
3. Ara gbígbóná tí ó tó 100.4 Fahrenheit.
4. Ẹsẹ̀ kan tí ó wú, tí ó sì ń dunni.
5. Àyà dídùn, èémí tí kò já gaara, tàbí gìrì.
6. Èrò láti pa ara ẹni tàbí ọmọ lára.

Bí ó bá jẹ́ ìkarùn-ún tàbí ìkẹfà, 911 ni kí ẹ pè. Fún ìyókù, ẹ pe dókítà lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i bá sọ̀rọ̀, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ ó sọ níbẹ̀ ni ọjọ́ tí ẹ bímọ, nítorí wọn kì í mọ̀ bí a kò bá sọ. Ẹkún ọlọ́mọ tuntun pàápàá kì í ṣe àìmoore. Láti 2022 ni ìjọba ti ṣí nọ́ḿbà ọ̀fẹ́ kan fún ọkàn àwọn ìyá, tọ̀sán tòru: 1-833-852-6262.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ ra ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìfúnpá sílé kí ọmọ tó dé. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ rí físà gbà wá wẹ ọmọ, ẹ kú iṣẹ́, a dúpẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi aṣọ gbígbóná jó ìwọ́ ọmọ, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ má sì fún ọmọ ní omi tàbí àgbo. Ọmú nìkan ti tó fún oṣù mẹ́fà. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Medicaid, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2024 ni Texas ti fa ìtọ́jú ìyá gùn dé oṣù 12 lẹ́yìn ìbímọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ àyẹ̀wò yín kọjá.

Ní ti ẹgbẹ́, ojú mẹ́rin ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó. Níbi ìkómọ, ẹ jẹ́ kí ìyá ọmọ jókòó. Àlejò ni kí ó fọ abọ́. Àwa nọ́ọ̀sì inú ẹgbẹ́ ti ṣetán láti máa bẹ gbogbo ọlọ́mọ tuntun wò nílé, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìfúnpá lọ́wọ́. Ẹ ṣáà ti fi tó wa létí.

Láti òní lọ, bí ẹ bá kí ọlọ́mọ pé "Ẹ kú ewu," ẹ má tíì gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ bi í pé, "Orí kò fọ́ yín? Ẹ sùn lánàá? Ta ni ó wà lọ́dọ̀ yín?" Kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì.

Aboyún ilé á bí wẹ́rẹ́, a ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ, a ó sì máa gbọ́ méjèèjì pẹ́. Àṣẹ.