Kí Ìgbìmọ̀ Tó Fọwọ́ sí Owó Ẹ̀rọ Sítíárìn

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé Ìlápòrù)



Ọ̀rọ̀ owó ni ó gbé wa wá, ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a ń yẹ ìwé ẹgbẹ́ kan wò, a rí awakọ̀ kan tí ń fi Micra kó èrò láàrin Àgọ́-Ìwòyè àti Ìjẹ̀bú-Igbó, tí ó yáwó lẹ́ẹ̀mejì láàrin oṣù mẹ́fà nítorí ẹ̀rọ sítíárìn. Ó ra tòkunbọ̀, ó ṣiṣẹ́ díẹ̀, sítíárìn tún le bí igi. Ó ra òmíràn. Ìgbà tí rẹ́wáyà kan tú orí bátìrì wò ni ó tó rí i pé wáyà ibẹ̀ ti dípẹtà. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tú bátìrì láti de ẹ̀rọ tuntun ni wáyà yìí máa ń fún mọ́ra fúngbà díẹ̀! Owó àtúnṣe rẹ̀ kò tó owó epo ọjọ́ kan. Àwọn onídùúró ṣì ń bá a san gbèsè.

Àwa kì í ṣe mẹkáníìkì, ìwé owó ni iṣẹ́ wa, ṣùgbọ́n a bi àwọn tí ó mọ̀ ọ́n. Ní ti àtijọ́, bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ní ń yí pọ́ǹpù, ọ́ìlì ní ń bá awakọ̀ ti táyà. Ní 1988 ni Suzuki fi ẹ̀rọ oníná sí Cervo ní Japan. Micra tí ó jáde láti 2003 àti Corolla Amẹ́ríkà ti 2009 náà ní irú rẹ̀. Kò sí ọ́ìlì níbẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tí ń ran ọwọ́ lọ́wọ́ ni, iná bátìrì àti alternator ni oúnjẹ rẹ̀. Ìgbà tí a bá ń yí sítíárìn lójú kan ní gáréèjì ni ó ń jẹ iná jù. Bí iná kò bá tó, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ yóò dá ìrànlọ́wọ́ náà dúró, iná yóò sì tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù. Táyà ṣì ń gbọ́ràn, ṣùgbọ́n ó wúwo, èyí sì léwu ní kọ́ọ̀nà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò rẹ́wáyà kí ẹ tó fọwọ́ sí i: bátìrì ní nǹkan bíi fóòtì 12.6 bí ẹ́ńjìnnì bá kú, nǹkan bíi 14 bí ó bá ń ṣiṣẹ́. Wáyà orí bátìrì, wáyà ilẹ̀ àti fíúsì mọ́ dáadáa. Bí gbogbo èyí bá pé, kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ béèrè ríṣíìtì lọ́wọ́ ẹni tí ń ta tòkunbọ̀, kí ó kọ iye ọjọ́ tí a lè fi dá a padà sí i. A ó máa wo ìwé wọ̀nyí nígbà tí a bá tún dé.