Bọ́gà oníwàrà: Ẹ dá àrà sí i, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹran jinná

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Bouaké, pàápàá ẹ̀yin ọmọ Èjìgbò tí Côte d'Ivoire ti di ilé fún, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún.

Bí ṣíìsì òkè òkun bá wọ́n jù, ẹ fi wàrà Fúlàní ṣe bọ́gà yín. Ewé bomubomu ni wọ́n fi ń mú un dì, kì í sì í yọ́ lórí iná bíi ṣíìsì. Ẹ gé e pẹlẹbẹ, kí ẹ dín in lọ́tọ̀ títí yóò fi pọ́n. Ẹ to dòdò, ìyẹn alloco, lé e lórí.

Ṣùgbọ́n ẹran ni kí ẹ ṣọ́ jù. Ara ẹran lókè ni kòkòrò àìfojúrí sábà máa ń wà. Bí a bá ti lọ̀ ọ́, kòkòrò ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1993, bọ́gà tí kò jinná dá àìsàn sí èèyàn tó lé ní 700 lára, ọmọdé mẹ́rin sì kú.

Nítorí náà, ẹ tẹ ẹran náà pẹlẹbẹ, kí ẹ sì dín in títí ìgbóná inú rẹ̀ yóò fi dé 71°C. Bí ẹ kò bá ní ohun tí ẹ ó fi wọ̀n ọ́n, ẹ là á láàárín. Bí ó bá ṣì pupa, ẹ dá a padà sórí iná.

Oúnjẹ á gba ibi ire o.