Bàtà tí ó yẹ fún Bádímíńtìnì lórí Ilẹ̀ Kọnkéré

Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Eré Ìdárayá bá ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣooṣù, ẹ̀ka Jos



Ẹ ní kí a wá jíhìn owó bàtà tí ẹgbẹ́ dá fún àwọn ọ̀dọ́ tí ń gbá bádímíńtìnì. A kò ní fi ọ̀rọ̀ pamọ́: ẹ̀ẹ̀mejì ni a ra bàtà, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni a sì ṣì í rà.

Nígbà àkọ́kọ́, bàtà àwọn asáré ni a rà, nítorí pé ó rọ̀ lẹ́sẹ̀ bí tìmùtìmù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń sáré, iwájú ni ó ń lọ. Ẹni tí ń gbá bádímíńtìnì ń fò sọ́tùn-ún, ó ń fò sósì, ó sì ń fà sẹ́yìn. Ìsàlẹ̀ bàtà asáré nípọn, ó sì ga. Bí ẹsẹ̀ bá yà lójijì, yóò fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Báyìí ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa ṣe fi ọrùn ẹsẹ̀ rọ́. Télọ̀ ni, ẹsẹ̀ ni ó fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni kò fi ríṣẹ́ ṣe, gbogbo yín ni ẹ sì mọ iye ẹnu tí ń jẹun lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà kejì, a ra ojúlówó bàtà bádímíńtìnì. Inú gbọ̀ngàn, lórí pákó tàbí ẹní rọ́bà, ni wọ́n ṣe é fún. Rọ́bà ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀. Lórí kọnkéré wa, kò pé oṣù mẹ́ta tí ó fi jẹ bí ọṣẹ.

Kì í ṣe ìtìjú pé ìta ni a ti ń gbá a. Àjọ bádímíńtìnì àgbáyé tìkára rẹ̀ gbé irú eyí tí a ń gbá ní ìta kalẹ̀ ní ọdún 2019, ilẹ̀ líle sì wà lára ibi tí wọ́n fọwọ́ sí. Ohun tí ó kù ni bàtà tí ó bá ilẹ̀ mu.

Ìmọ̀ràn wa ni bàtà tẹ́níìsì tí a ṣe fún pápá líle. Rọ́bà rẹ̀ le, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ di ẹsẹ̀ mú, tìmùtìmù díẹ̀ sì wà ní gìgísẹ̀ rẹ̀ nítorí orúnkún. Bí ẹ bá dé ọjà:

Èkínní, ẹ fi ìka tẹ ẹ̀yìn gìgísẹ̀ rẹ̀: ó gbọ́dọ̀ le.

Èkejì, ẹ lọ́ ọ bí ẹni ń fún aṣọ: bí ó bá tètè lọ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ wò ó bóyá rọ́bà bo iwájú rẹ̀. Ẹni tí ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá a, ẹsẹ̀ òsì ni ó ń wọ́ nílẹ̀. Iwájú bàtà òsì ni ó sì kọ́kọ́ ń lu.

Ẹ̀kẹrin, ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ wọ̀ ọ́ wò, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ ó fi gbá a. Kí àyè tó ìwọ̀n àtàǹpàkò kù níwájú.

Bí ó bá ṣe òkìríkà ni owó ká, ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ilà ara rọ́bà bá ti parẹ́, tàbí tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti gbẹ, pọ́ọ́kú náà ti di ọ̀wọ́n.

Lákòókò ọyẹ́, ẹ gbá eruku kúrò kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí bàtà tí kì í yọ̀ lórí eruku.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. A bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí a tún owó dá lẹ́ẹ̀kan sí i. Télọ̀ wa ti padà sídìí ẹ̀rọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn tún jókòó sílé.