Iyì Owú Àtijọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní alágbẹ̀dẹ tí ó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Orí owú ni ó ti ń lù ú. Ní ojúbọ Ògún Ládìn, ní ààfin Ọọ̀ni, irin ràbàtà kan wà tí wọ́n sọ pé ti Ládìn, alágbẹ̀dẹ Odùduwà, ni. Rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901. Ègé irin rẹ̀ pàápàá ṣe é fi ṣe owú. Ṣùgbọ́n bí alágbẹ̀dẹ bá kú, tí ọmọ kò gba iṣẹ́, owú a di ti àwọn tí ń ra irin àlòkù. Ó yẹ kí olùkọ́ kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ wo ẹwìrì àti ẹ̀mú ní àgbẹ̀dẹ, kí wọ́n sì béèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ ni owú ibẹ̀.