Bí Oníṣẹ́ Bá Ṣubú, Ẹ Kọ́kọ́ Gba Àrokò

   Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lónìí jẹ mọ́ lẹ́tà, ṣùgbọ́n kì í ṣe lẹ́tà tí a ń lẹ sítáǹpù mọ́. Lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà ni, èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní ímeèlì. Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni pé, kí ni ó yẹ kí ènìyàn ṣe nígbà tí ètò tí ó fi ń ka lẹ́tà rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà bá ń dákú ṣáá, tí ó ń ṣí tí ó sì ń pa dé fúnra rẹ̀?

Kí ìwé kíkọ tó dé ilẹ̀ Yorùbá ni àwọn baba ńlá wa ti mọ bí a ti í ránṣẹ́ sí ará ọ̀nà jíjìn. Àrokò ni wọ́n fi ń ṣe é. Bí ẹnì kan bá fi okùn so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀, tí ó sì fi rán oníṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ẹni tí ó gbà á yóò mọ̀ pé ẹ̀fà ni, pé ọkàn ẹni tí ó ránṣẹ́ fà sí òun. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ẹ̀jọ ni, èyí tí ó fi hàn pé èrò àwọn méjèèjì jọra. Oníṣẹ́ lè má mọ ìtumọ̀ ohun tí ó gbé lọ́wọ́. Tirẹ̀ ni kí ó gbé e dé ibi tí a rán an. Nítorí náà, ọ̀tọ̀ ni oníṣẹ́, ọ̀tọ̀ ni àrokò. Bí oníṣẹ́ bá ṣubú lójú ọ̀nà, ẹni tí ó gbọ́n yóò kọ́kọ́ gba àrokò lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ohun tí ó gbé e ṣubú.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ímeèlì rí. Ní ọdún 1971 ni Ray Tomlinson, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fi lẹ́tà ránṣẹ́ láti inú kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ìlú Cambridge ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Òun náà ni ó yan àmì @ tí ó ń ya orúkọ ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára orúkọ ibi tí lẹ́tà rẹ̀ ń gbé. Láti ìgbà náà wá ni oríṣiríṣi ètò ti ń jáde tí ń bá ènìyàn kó lẹ́tà wọ inú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Outlook dé ní ọdún 1997, Thunderbird sì jáde ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ ní ọdún 2004. Oníṣẹ́ ni àwọn ètò wọ̀nyí. Lẹ́tà tí ó wà níkàáwọ́ wọn ni àrokò.

Ẹ jẹ́ kí a fi olùkọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Kí a sọ pé ó ń gbé ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìròlẹ́ ni ó máa ń ráyè jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀, lẹ́yìn wàhálà ọkọ̀ ojú pópó. Lẹ́tà ọdún méjìlá ni ó wà nínú kọ̀ǹpútà náà: ìbéèrè ìdánwò, iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́, lẹ́tà àwọn ọmọ rẹ̀ tí ó wà lókè òkun, àti ìwé tí ó jẹ mọ́ owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, iná lọ lójijì bí ètò náà ti ń kọ lẹ́tà tuntun sínú fáìlì rẹ̀. Nígbà tí iná dé, ètò náà ṣí, ó ń yí bírí, ó sì kú. Olùkọ́ tún un ṣí, ó tún kú.

Níbi tí ewu ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyí. Aládùúgbò kan yóò wọlé, yóò ní, "Bàbá, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ́ọ̀màtì rẹ̀." Ìmọ̀ràn náà dùn gbọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó túmọ̀ sí ni kí wọ́n nu gbogbo ohun tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà náà kúrò. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ètò lè ṣòro tò, síbẹ̀ a lè rí òmíràn gbà kí ilẹ̀ tó ṣú. Lẹ́tà ọdún méjìlá kò sí ní ọjà kankan.

Kí olùkọ́ yìí tó ṣe ohunkóhun, ó yẹ kí ó mọ irú àdéhùn tí ó wà láàrin ètò rẹ̀ àti ilé iṣẹ́ tí ń bá a gba lẹ́tà. Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni POP, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1984. Ó dà bí ẹni tí ó lọ kó lẹ́tà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ wá sílé. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í fi ẹ̀dà kankan sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Èkejì ni IMAP, tí Mark Crispin ṣe ní ọdún 1986. Ní ti èyí, ilé ìfìwéránṣẹ́ ni lẹ́tà ń gbé, ẹ̀dà rẹ̀ ni ó ń wá sílé. Ẹni tí ó ń lo IMAP lè fọkàn balẹ̀ díẹ̀: bí ètò bá dákú, ó lè gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé lọ ka lẹ́tà rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn tàbí lórí fóònù. Ẹni tí ó ń lo POP ni kí ó ṣọ́ra gidigidi, nítorí ó ṣeé ṣe kí ẹ̀dà kan ṣoṣo tí ó wà láyé wà nínú kọ̀ǹpútà tí ó ń ṣàìsàn yẹn.

Nítorí náà, ohun kìíní tí ó yẹ ní ṣíṣe ni ẹ̀dà. Kí ó pa ètò náà dé pátápátá, kí ó sì da fáìlì lẹ́tà rẹ̀ kọ sórí fláàṣì tàbí dísìkì mìíràn. Nínú Outlook àtijọ́, fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .pst ni kí ó wá. Nínú Thunderbird, gbogbo àpò tí wọ́n ń pè ní profile ni kí ó dà kọ. Ìgbà tí èyí bá parí ni àrokò tó bọ́ sọ́wọ́.

Ohun kejì ni àkíyèsí. Oníṣègùn kì í ja ewé kí ó tó bi aláìsàn ní ibi tí ó ti ń dùn ún. Ìgbà wo ni ètò náà ń kú? Bí ó bá jẹ́ pé kò tíì ṣí tán tí ó fi ń kú, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àfikún tí a so mọ́ ọn ni ó ń dí i lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí a bá tẹ lẹ́tà kan pàtó ni, lẹ́tà yẹn ni kí a fura sí. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ètò inú kọ̀ǹpútà náà ni ó ń kú, ẹ̀ṣẹ̀ kì í ṣe ti lẹ́tà mọ́. Bóyá dísìkì ti kún, bóyá kọ̀ǹpútà ń gbóná jù, tàbí kí dísìkì náà máa bàjẹ́ lọ.

Ohun kẹta ni ìdánwò. Bí ènìyàn bá di bọ́tìnnì Ctrl mú bí ó ti ń ṣí Outlook, ètò náà yóò bi í bóyá kí òun ṣí láìgbé àfikún kankan. Fún Thunderbird, bọ́tìnnì Shift ni. Bí ètò náà bá dúró dáadáa báyìí, a ti mú olè: kí ó pa gbogbo àfikún, kí ó sì máa dá wọn padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí yóò fi rí èyí tí ń da ilé rú.

Bí ó bá ṣì ń kú, fáìlì ni ó yẹ kí a tún ṣe. Outlook ní irinṣẹ́ kan tí ń jẹ́ SCANPST tí ó ń yẹ fáìlì wò tí ó sì ń tún ibi tí ó já so. Ó lè má rí gbogbo lẹ́tà gbà padà, ìdí sì nìyí tí ẹ̀dà fi gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ní ti Thunderbird, kí ó tẹ orúkọ àpò lẹ́tà tí ó ń yọ ọ́ lẹ́nu, kí ó lọ sí Properties, kí ó sì yan Repair Folder, ètò náà yóò sì tún atọ́ka àpò náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí gbogbo èyí kò bá ràn án, kí ó ṣí profile tuntun, kí ó wá gbé lẹ́tà àtijọ́ wọ inú rẹ̀.

Ìwọ̀n fáìlì náà tún ṣe pàtàkì. Fáìlì Outlook láti ọdún 1997 títí di 2002 kò gbọdọ̀ ju gígábáìtì 2 lọ. Bí ó bá ti kún tó bẹ́ẹ̀, ìdààmú dé nìyẹn. Láti 2003 ni irú fáìlì mìíràn ti dé, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 20 ní àkọ́kọ́ tí ó sì di 50 ní ọdún 2010. Fáìlì tuntun yìí náà ni ó gba Unicode wọlé, ìyẹn ètò tí ó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá gan-an, nítorí nínú fáìlì ti àtijọ́, ẹ àti ọ tí a fàlà tàbí tọ́ sí nídìí lè di àmì ìbéèrè. Ẹni tí ó bá ṣì ń lo fáìlì àtijọ́ kí ó kó lẹ́tà rẹ̀ bọ́ sínú tuntun.

Àwọn àgbà ní, bí ìyà ńlá bá gbéni sánlẹ̀, kéékèèké a máa gorí ẹni. Ní àkókò tí ọkàn ènìyàn bá pòrúurùu báyìí ni àwọn oníjìbìtì ń yọjú, tí wọn yóò ní àwọn ni ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ètò náà, kí ẹ fún àwọn ní ọ̀rọ̀ aṣínà yín kí àwọn lè tún un ṣe. Ẹ má fún wọn. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ aṣínà ímeèlì ènìyàn lè fi gba ọ̀nà wọ ilé ìfowópamọ́ rẹ̀.

Níkẹyìn, ìdènà sàn ju ìwòsàn lọ. Níbi tí iná ti ń lọ tí ó ń bọ̀, batiri tí ń gbé kọ̀ǹpútà dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tó láti fi pa ètò dé bí ó ti yẹ. Kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan sì yan ọjọ́ kan nínú oṣù tí wọn yóò máa da lẹ́tà wọn kọ sí ibòmíràn. Àwọn baba ńlá wa kò ní dísìkì, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí ó bá ṣe pàtàkì, a kì í fi sí ọwọ́ oníṣẹ́ kan ṣoṣo.